Kíláàsì aago méjì ọ̀sán: kí lẹ fi ń jí akẹ́kọ̀ọ́ yín?

Tútọ̀_Gáà-Àkànbí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. Ilé ẹ̀kọ́ àwọn agbẹ̀bí ni mo ti ń kọ́ni níbí ní Ìlọrin. Akẹ́kọ̀ọ́ 86 ló wà ní kíláàsì mi, aago méjì ọ̀sán sì ni wọ́n fún mi, nígbà tí gbogbo wọn ti jẹ àmàlà yó. Màá sọ̀rọ̀ títí, màá bi wọ́n pé, "Ṣé ó yé yín?" Wọ́n á pa ohùn pọ̀ bí ọmọ ilé kéú: "Ó yé wa, mà!" Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fún wọn ní ìdánwò kékeré lórí ẹ̀jẹ̀ yíya lẹ́yìn ìbímọ. Ẹ má wulẹ̀ bi mí ohun tí mo rí nínú ìwé wọn.

Fóònù wà lọ́wọ́ wọn lábẹ́ tábìlì, mo mọ̀. Mo gbà á lọ́wọ́ wọn rí, ó dìjà. Ni mo bá ní kí n kúkú fi fóònù ọ̀hún ṣe nǹkan. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀: ìdajì wọn ni kì í ní dátà, iná ò ṣeé gbára lé, tẹlifíṣọ̀n ńlá tí wọ́n rà fún ìkọ́ni sì wà nínú sítọ̀, ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní ká má lọ bà á jẹ́. Kí lẹ̀yin ń lò?

ỌmọTáńkẹ́

Àǹtí, Kahoot ni! Àwọn ará Nọ́wè ló ṣe é. Ẹ kọ ìbéèrè yín sínú láptọ́ọ̀pù, ẹ fi pùròjẹ́kítọ̀ gbé e sára ògiri, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á tẹ nọ́ńbà kan sórí fóònù wọn, orin á máa dún, ìdáhùn mẹ́rin á jáde ní àwọ̀ mẹ́rin. Ẹni tó bá tètè tẹ èyí tó tọ̀nà ló ń gba máàkì jù. Mo lò ó fún àwọn tí mò ń kọ́ ní kọ̀ǹpútà ní Táńkẹ́, ariwo tí wọ́n pa lọ́jọ́ yẹn, àwọn aládùúgbò rò pé bọ́ọ̀lù là ń wò. Ẹnì kan pe ara rẹ̀ ní "Ẹ̀wà Àgọ̀yìn", òun ló gba ipò kìíní.

Dókítà_Wọ́ọ̀dù

Àbúrò, o ṣeun. Mo ti lo Kahoot fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn, n ò sì ní bú u, ó ń lé oorun lọ. Eré sísá inú rẹ̀ ló ń bà mí lẹ́rù. Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n ní ìwọ̀n oògùn tí a ó fún ọmọ tó wúwo kìlógíráàmù 12. Ìṣirò ni, ó yẹ kéèyàn mú bírò. Ẹni tó gbégbá orókè wá sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò ṣírò nǹkan kan, àwọ̀ pupa lòun kàn tẹ̀. Ọmọ tí wọ́n bá fi àwọ̀ pupa wọn oògùn fún, kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ tiwa. Ẹ lè fi kún àsìkò ìdáhùn, ẹ sì lè yọ máàkì kúrò níbẹ̀ pátápátá. Tí ẹ bá fẹ́ lò ó, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ lò ó.

Ohun tó yí kíláàsì tèmi padà kì í ṣe áàpù, ọ̀nà ìkọ́ni kan ni. Eric Mazur tó ń kọ́ni ní físíìsì ní Yunifásítì Harvard ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1991. Ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè kan tó le díẹ̀. Kí kálukú dá ronú, kó dá dìbò, kẹ́nikẹ́ni má sọ̀rọ̀. Ẹ wo èsì ìbò náà, àmọ́ ẹ má tíì sọ ìdáhùn. Bó bá jẹ́ pé ẹni 30 sí 70 nínú 100 ló gbà á, ẹ ní kí wọ́n yíjú sí ẹni tó jókòó tì wọ́n, kí wọ́n jiyàn rẹ̀ fún ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta, kí wọ́n wá tún ìbò dì. Bí wọn ò bá tó 30, kò tíì yé wọn rárá, ẹ padà lọ kọ́ wọn. Bí wọ́n bá ju 70 lọ, ẹ ṣàlàyé ṣókí, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ.

Ìgbà tí wọ́n bá ń jiyàn yẹn gan-an ni wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ yé ló mọ ibi tó ti ń rú ẹnì kejì rẹ̀ lójú. Èmi ti gbàgbé ibi tó ti rú mi lójú, ó ti lé lógún ọdún.

Ẹ̀bẹ̀ kan: ẹ má ní kí wọ́n nawọ́. Ọmọ tó mọ̀wé jù ni gbogbo wọn á kọ́kọ́ wò.

Alhaja_Ìdí-Àpẹ́

Oògùn tí wọ́n fi àwọ̀ pupa wọn! Mo rẹ́rìn-ín, àyà mi sì já.

Olùkọ́_Ọ̀fà

Ẹ̀gbọ́n Tútọ̀, ẹ má dààmú lórí dátà àwọn ọmọ. Ẹ wá Plickers. Bébà ni akẹ́kọ̀ọ́ ń mú dání, kì í ṣe fóònù. Àwòrán dúdú kan wà lára bébà kọ̀ọ̀kan, ti ẹnì kan ò jọ ti ẹnì kejì, ó sì ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́rin: A, B, C, D. Ẹ̀gbẹ́ tó bá kọ sókè ni ìdáhùn rẹ̀. Ẹ̀yin á gbé kámẹ́rà fóònù yín sókè, ẹ á rọra fi wo kíláàsì láti ọ̀tún dé òsì, kíá, ó ti ka gbogbo rẹ̀. Fóònù kan, dátà ẹnì kan. Lẹ́tà tó wà lára bébà náà kéré débi pé ẹni tó wà lẹ́yìn ò lè jí ti ẹni tó wà níwájú wò.

Ohun tó ṣe mí rèé o. Kí tèmi lè pẹ́, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo ní kí wọ́n fi ọ̀rá dídán bò ó. Iná gílóòbù ń kọ mọ̀nà lára rẹ̀, kámẹ́rà ò rí nǹkan kan kà. Owó mi gbé. Orí bébà líle lásán ni kí ẹ tẹ̀ ẹ́ sí.

Káàdì 40 ló wà nínú ìdì kan, èyí tó pọ̀ jù jẹ́ 63. Ẹ̀yin ní akẹ́kọ̀ọ́ 86. Ibẹ̀ ni mi ò ti mọ bí ẹ ó ṣe ṣe é.

Dókítà_Wọ́ọ̀dù

Ẹ fún ẹni méjì ní káàdì kan. 43 nìyẹn. Wọn ò ní lè gbé káàdì sókè láìjẹ́ pé wọ́n kọ́kọ́ fohùn ṣọ̀kan. Ẹ wò ó, ó dáa ju kí káàdì tó lọ.

Ọ̀dọ́_Adéwọlé

Ẹ̀yin àgbà, ẹ má bínú, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe ń rí lápá ọ̀dọ̀ wa. Ọdún kẹrin ni mo wà nínú ẹ̀kọ́ ìṣègùn. Ẹ rò pé oorun ló ń jẹ́ ká dákẹ́. Lọ́dún kejì, wọ́n bi mí ní kíláàsì pé ọwọ́ wo ni ẹ̀dọ̀ wà. Ẹ̀rù bà mí, mo ní ọwọ́ òsì. Títí di òní, "Ẹ̀dọ̀-Òsì" ni wọ́n ń pè mí. Ẹni tí n ò pàdé rí gan-an ń pè mí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin olùkọ́ á wá bi wá pé, "Ṣé ó yé yín?" Ta ló fẹ́ di Ẹ̀dọ̀-Òsì kejì? Ohunkóhun tí ẹ bá máa lò, ẹ má jẹ́ kó gbé orúkọ wa jáde.

Anki náà dára, ìyẹn fún ilé. Áàpù káàdì ìbéèrè ni: èyí tó o mọ̀, ó máa gbé e jìnnà kó tó tún fi hàn ọ́, èyí tó ń fún ọ ní wàhálà á yára padà wá. Láti 1885 ni Ebbinghaus, ará Jámánì kan, ti fi ara rẹ̀ dán an wò, tó rí bí ohun téèyàn há sórí ṣe ń yára jò lọ bí kò bá padà sí i. Ọ̀fẹ́ ni Anki lórí Android, ti iPhone là ń sanwó fún. Tó o bá ti gbé káàdì sínú rẹ̀ tán, kò bi ọ́ ní dátà.

Àṣìṣe tí mo ṣe ni pé mo lọ gbé èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Amẹ́ríkà ti ṣe sílẹ̀. Ó pọ̀ bí yanrìn. Nígbà tí a lọ gbé ní abúlé fún COBES, ètò tó ń kó akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn lọ kẹ́kọ̀ọ́ láàárín ará ìlú, ohun tí mò ń rí lójoojúmọ́ ni ibà, ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru, aboyún tí ẹ̀jẹ̀ ò tó lára rẹ̀, àwọn ohun tí mo kà láàárọ̀ sì jẹ́ ti ibòmíràn. Báyìí, àwa mẹ́fà la jọ ń ṣe tiwa. Kálukú ń kọ káàdì 20 lọ́sẹ̀ látinú ohun tó fojú rí ní wọ́ọ̀dù.

Bàbá_Ṣọ́ọ̀kì

Nígbà tiwa, ṣọ́ọ̀kì àti pátákó ni. A sì di èèyàn.

Ìyá_Agbẹ̀bí_Ọ̀mù-Àrán

Ẹ̀gbọ́n mi, mélòó nínú yín ló ń sùn?

Bàbá_Ṣọ́ọ̀kì

Àwa tá a jókòó níwájú ò sùn o. N ò lè jẹ́rìí àwọn tó wà lẹ́yìn.

Ìyá_Agbẹ̀bí_Ọ̀mù-Àrán

Ẹ kú àpérò, ẹ̀yin ọmọ mi. Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì. Fóònù dára, káàdì dára, àmọ́ kí lẹ fẹ́ fi bi wọ́n? Tútọ̀, ẹ̀jẹ̀ yíya lo ní wọn ò mọ̀. Lọ sí ọjà Ìpàtà, ra ìsápá pupa, kó o fi se sóbò. Má fi ṣúgà sí i o, wọ́n á mu ún mọ́ ọ lọ́wọ́.

Wọn lítà kan ààbọ̀. Da mílílítà 500 sórí ògbólógbòó ìró kan, kó mu ún dáadáa. Da 300 sórí páàdì tí àwọn abiyamọ ń lò, pín in sára mẹ́ta mẹ́rin. Da 500 mìíràn sínú bẹdipáànù. Èyí tó kù, 200, dà á sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lórí táìsì, kó máa tàn lọ. Kó wọn wọlé ní mẹ́wàá mẹ́wàá, kí wọ́n máa wò ó, kí kálukú pe iye tó rò.

Wo ojú wọn nígbà tó o bá sọ òótọ́ fún wọn. Ti orí táìsì, ìyẹn 200, wọ́n á pariwo pé lítà kan ni, torí pé ó tàn. Ti inú ìró, wọ́n á ní kò tó nǹkan. Èmi alára ti lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ kí wọ́n tó fi irú èyí hàn mí, mo sì pe ti ìró ní 150. Ilẹ̀ a máa ṣe àsọdùn, aṣọ a máa bo àṣírí. Ẹ sì mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ìró ni a máa ń tẹ́ sábẹ́ obìnrin.

Bó bá ti tó mílílítà 500 láàárín wákàtí 24 lẹ́yìn ìbímọ, a ti ń pè é ní ẹ̀jẹ̀ yíya. Ọmọ tó bá ń rí 500 bí 150, nígbà tó bá máa pariwo, ètè ìyá ọmọ ti funfun. Kó o sọ fún wọn pé ẹ̀jẹ̀ nípọn ju sóbò lọ, ó sì máa ń dì. Ìyẹn ni sóbò ò lè kọ́ wọn.

ỌmọTáńkẹ́

Ìyá mi, ẹ ṣeun, orí mi wú. Ẹ jẹ́ kí n fi fóònù kún un. Kí Àǹtí ya àwòrán mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n gbé e sórí WhatsApp pẹ̀lú ìbò. Ìbò ti wà nínú WhatsApp láti 2022, kò sì jẹ dátà púpọ̀.

Ọ̀dọ́_Adéwọlé

Ìbò WhatsApp ń fi orúkọ ẹni tó dìbò hàn. Ẹ rántí Ẹ̀dọ̀-Òsì.

ỌmọTáńkẹ́

Òótọ́ ni. Google Forms nígbà náà, kí wọ́n má bèèrè orúkọ tàbí ímeèlì.

Dókítà_Wọ́ọ̀dù

Màámi ti sọ ohun tó wà nínú ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2023, tí wọ́n pè ní E-MOTIVE. Nàìjíríà wà níbẹ̀, pẹ̀lú Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa. Ọ̀rá kan tó ní àmì ìwọ̀n lára ni wọ́n tẹ́ sábẹ́ ìdí obìnrin tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ẹ̀jẹ̀ á máa ṣàn wọ inú rẹ̀, wọ́n á máa kà á. Wọ́n sì pa ìtọ́jú pọ̀ lójú kan: fífi ọwọ́ ra ilé ọmọ, oògùn tó ń mú un sún kì, oògùn tranexamic acid tó ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró, omi tí wọ́n ń fà sára, àti yíyẹ abẹ́ wò. Níbi tí wọ́n ti ṣe é bẹ́ẹ̀, 93 nínú 100 obìnrin tí ẹ̀jẹ̀ ń ya ni wọ́n rí mọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é bí wọ́n ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, 51 ni. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ti sóbò kí ẹ tó sọ nọ́ńbà yìí fún wọn. Bí ẹ bá kọ́kọ́ sọ ọ́, wọ́n á kàn dà á kọ sínú ìwé.

Nọ́ọ̀sì_Àjàṣẹ́-Ìpo

Ẹ yẹ sítọ̀ yín wò o. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, ọmọlangidi NeoNatalie wà nínú àpótí rẹ̀ títí rọ́bà fi lẹ̀ mọ́ra, torí pé ẹnikẹ́ni ò mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó, ojú sì ń ti gbogbo wa láti bèèrè. Nǹkan tó rọrùn! Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ni wọ́n ń rọ sínú rẹ̀, á wá wúwo lọ́wọ́ bí ọmọ tuntun. Olùkọ́ á máa tẹ bọ́ọ̀lù kékeré kan níkọ̀kọ̀, ìwọ́ á máa lù kìkìkì tàbí kó dákẹ́.

Ẹ̀kọ́ Helping Babies Breathe (ríran ọmọ tuntun lọ́wọ́ kó lè mí) tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010 ni wọ́n ń fi í kọ́. Ìṣẹ́jú kan péré lẹ ní: ẹ ti nu ọmọ gbẹ, ẹ ti ra á lẹ́yìn, bí kò bá mí, kí atẹ́gùn ti máa wọ inú rẹ̀ kí ìṣẹ́jú náà tó pé, ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan. Ibi tí fóònù ti wúlò nìyí, ẹ̀gbọ́n mi Tútọ̀. Kí ẹnì kan máa ṣe é, kí ẹnì kejì fi fóònù ká fídíò rẹ̀, kí aago máa kà. Lẹ́yìn náà kí àwọn méjèèjì jọ wò ó. Gbogbo wọn ló máa búra pé ìṣẹ́jú ò tíì pé. Fídíò á sọ fún wọn pé wọ́n ṣì ń wá ìbọ̀wọ́ ní ìṣẹ́jú àáyá 50. Kò gba dátà rárá.

Dókítà_Ìsánlú-Ìsin

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ti èmi kò le. Ẹnì kan wà níbi iṣẹ́ wa tó lè ṣe bí aláìsàn ju aláìsàn lọ. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, á fi ohùn ránṣẹ́ sórí WhatsApp àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ní èdè Ìgbómìnà kìkì: jẹ̀díjẹ̀dí ń yọ òun lẹ́nu, òòyì sì ń kọ́ òun. Ó tán. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wà ní ẹgbẹ́ ẹgbẹ́, ìbéèrè mẹ́ta péré ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lè bi í títí di Ọjọ́rú. Òun náà á fi ohùn dá wọn lóhùn, á máa ròyìn ọmọ rẹ̀ tó wà ní Èkó, á máa bínú pé wọn ò kí òun.

Ọ̀rọ̀ "jẹ̀díjẹ̀dí" yẹn nìkan tó kíláàsì kan. Ẹnì kan á pè é nígbà tí ìdí rẹ̀ bá yọ, òmíràn á pe ìgbẹ́ ọ̀rìn bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn ẹ̀yìn dídùn, àwọn ọkùnrin sì máa ń fi bo àìlera tí wọn ò fẹ́ dárúkọ. Ọ̀pọ̀ ẹgbẹ́ sáré lọ kọ oògùn ìgbẹ́ ọ̀rìn. Ẹgbẹ́ kan ṣoṣo ló kọ́kọ́ kí i, tó wá bi í pé, "Màmá, kí ni ẹ̀ ń rí tí ẹ bá yàgbẹ́ tán?" Ẹ̀jẹ̀ ni, láti bí ọdún kan. Ibẹ̀ ni òòyì ti wá, ẹ̀jẹ̀ ti tán lára rẹ̀. Àwọn ọmọ tí kì í ṣe ará ibí ló ń jàǹfààní rẹ̀ jù, nítorí wọ́n mọ orúkọ àìsàn lédè òyìnbó, wọn ò mọ ohun tí ìyá àgbà máa pè é.

Alábòójútó

Ọ̀rọ̀ ń dùn, àmọ́ kí n dá sí i níbi kan. Àwòrán sóbò ni kí ẹ máa pín kiri. Àwòrán aláìsàn, ojú rẹ̀, ìwé rẹ̀, ẹgbò rẹ̀, ẹ má gbé e sórí WhatsApp kankan nítorí ìkọ́ni. Òfin ààbò ìsọfúnni ẹni ti wà ní Nàìjíríà láti 2023, kódà ká ní kò sí, ìlú wa kéré, wọ́n á mọ ọ̀ọ̀dẹ̀ tí ẹgbò náà ti wá.

Dókítà_Wọ́ọ̀dù

Kékeré kan kí n tó lọ: ẹni tó bá fẹ́ fi ohùn ọkàn kọ́ni, kó má fi sípíkà fóònù gbé e. Ohùn tó rẹlẹ̀ ò ní jáde. Kí wọ́n ki íápíìsì bọ etí.

Tútọ̀_Gáà-Àkànbí (ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà)

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo padà dé. Mo tẹ káàdì 43 sórí bébà líle. Mo se sóbò. Iná lọ ní aago méjì kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bó ṣe máa ń lọ, pùròjẹ́kítọ̀ kú, mo bá ń ka ìbéèrè sókè, fóònù mi sì ń ka káàdì lọ.

Lórí ti ìró, káàdì 14 péré ló gbà á nígbà àkọ́kọ́. Mo ní kí wọ́n jiyàn rẹ̀. Ha! Olùkọ́ yàrá kejì wá bi mí bóyá ìjà ni. N ò gbọ́ "ó yé wa, mà" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí wọ́n tún ìbò dì, ó kọjá ìdajì dáadáa, àmọ́ ìyẹn kọ́ ni mo fẹ́ sọ.

Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìn, láti oṣù kẹsàn-án n ò gbọ́ ohùn rẹ̀ rí. Ó dìde, ó ní: "Mà, ṣé a ò lè wọn ìró yẹn nígbà tó gbẹ, ká tún wọn ọ́n nígbà tó rin?" Mo dúró. Ẹnì kan sáré lọ gbé ìwọ̀n tí a fi ń wọn ọmọ tuntun wá. A wọn ìró gbígbẹ mìíràn tí wọ́n jọ jẹ́ ọ̀kan náà, a wá wọn èyí tó rin. Èyí tó rin fi nǹkan bí gíráàmù 480 wúwo ju gbígbẹ lọ. Wọ́n ní ìyókù wà lọ́wọ́ mi àti nílẹ̀. Òótọ́ ni.

Ìyá_Agbẹ̀bí_Ọ̀mù-Àrán

Gíráàmù kan sún mọ́ mílílítà kan. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é ní ibi tí wọn ò ti ní ọ̀rá ìwọ̀n. Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un?

Tútọ̀_Gáà-Àkànbí

Ẹnikẹ́ni ò sọ fún un, mà.

Ìyá_Agbẹ̀bí_Ọ̀mù-Àrán

Bá mi kí i. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ìkòkò ńkọ́?

Tútọ̀_Gáà-Àkànbí

Wọ́n ti mu ún. N ò fi ṣúgà sí i o, mà.